Iyanrìn Lomé, Oṣù Kejìlá 1975

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Àgbówà, ẹnikẹ́ni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbélé, Àjàlá là ń pè é. Ọ̀pọ̀ nínú wa tí ń pe orúkọ náà kò mọ̀ pé èèyàn gidi ni, pé Ọlábísí Àjàlá ló ń jẹ́, pé ní 1952 ó ti gun kẹ̀kẹ́ láti Chicago dé Los Angeles ní Amẹ́ríkà tòun ti agbádá lọ́rùn, kó tó wá gbé Vespa rẹ̀ yí ayé ká. Ìwé tó kọ nípa ìrìn náà jáde ní 1963. Ó dé Rọ́ṣíà, ó dé Íjíbítì, ó dé Íńdíà, ó sì bá Nehru tó jẹ́ olórí ìjọba ibẹ̀ sọ̀rọ̀ lójúkojú. Nígbà tí Ebenezer Obey wá fi orúkọ rẹ̀ sínú àwo orin, kò tún sí ọmọdé tí kò mọ̀ ọ́n mọ́.

Mo máa ń rántí Àjàlá bí mo bá rí àwọn tó ń gun alùpùpù lọ sọ́nà jíjìn lóde òní. Ní 2022, Kúnlé Adéyanjú gbéra ní London nínú Oṣù Kẹrin, ó sì gun alùpùpù wọ Èkó lọ́jọ́ 29 Oṣù Karùn-ún, ó fi ìrìn náà wá owó láti gbógun ti àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Àwọn ọmọ ilé mi ń wo fọ́nrán rẹ̀ lórí fóònù, wọ́n ń jiyàn nípa eré tó ń sá lójúmọ́. Ohun tó wu èmi láti mọ̀ ni ibi tó ti ń sinmi, àti ẹni tó bá pàdé níbẹ̀. Alùpùpù kì í jẹ́ kéèyàn sọ̀rọ̀. Afẹ́fẹ́ ń gbá ọ létí, ẹ́ńjìnnì ń pariwo lábẹ́ rẹ. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn rẹ lè di ọ́ mú láti àárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́ kó má gbọ́ ju "dúró" àti "ó yá" lọ. Ọ̀rọ̀ ìrìn àjò, ibi tí wọ́n bá ti pa ẹ́ńjìnnì ló ti ń jáde. Etí òkun Lomé ni mo ti mọ èyí.

Owó Údójì ló ra alùpùpù tèmi. Ẹni tó bá ń gba owó oṣù lọ́wọ́ ìjọba ní 1975 kò ní gbàgbé. Ìgbìmọ̀ tí Jerome Udoji ṣe olórí rẹ̀ ti dábàá pé kí wọ́n fi kún owó òṣìṣẹ́, ìjọba Gowon fọwọ́ sí i, wọ́n sì san gbogbo àjẹsílẹ̀ rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn kan ra fíríìjì, àwọn kan ra tẹlifíṣàn, àwọn kan fẹ́yàwó kún ìyàwó. Èmi tí mo jẹ́ tíṣà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ra Honda 175 pupa. Ní Àgbówà nígbà náà, ọ̀sà ni ọ̀nà wa. Láti ọjà wa ni ọkọ̀ ojú omi ti ń kó gàrí, fùfú, igi ìdáná àti ẹja lọ sí Èbúté Èrò. Àwọn agégẹdú á so igi pọ̀ lórí omi, wọ́n á wọ́ ọ lọ sí àwọn ilé ìlagi ní Èbúté Mẹ́ta. Ẹni tó bá fẹ́ gba orí ilẹ̀ á gba Ìtòikin já sí Ìkòròdú, á jẹ eruku yó kó tó débẹ̀. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí mo gun Honda wọlé, àwọn ọmọdé sá tẹ̀ lé mi láti ọjà títí dé ẹnu ọ̀nà bàbá mi.

Ẹni tó bá mi rìn ni ọ̀rẹ́ mi tí gbogbo ìlú ń pè ní Gáná. Ìyá rẹ̀ ni ọmọ Àgbówà. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ọ̀fà, ó sì ti ń ta abọ́ tánganran ní ọjà Mákólà ní Àkrà láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Àkrà ni wọ́n bí Gáná sí. Nígbà tó kọ́kọ́ dé sí ìlú ìyá rẹ̀, ó gbọ́ èdè Gã àti Twi ju Ìjẹ̀bú tiwa lọ, àwọn ọmọdé sì máa ń sín in jẹ. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ló ń ṣe, ó sì mọṣẹ́. Ó lè fetí lásán mọ ohun tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì kó tó fọwọ́ kan ṣípánà. Tíṣà ló máa ń pè mí, bí mo tilẹ̀ fi ọdún díẹ̀ péré jù ú lọ. Òun ló dábàá pé ká lọ sí Àkrà nígbà ìsinmi Kérésìmesì. Ó ní òun fẹ́ tún fojú rí ilé tí wọ́n bí òun sí. Mo rò pé ibẹ̀ náà lọ̀rọ̀ mọ.

Láti Èkó dé Àkrà kò ju nǹkan bí 470 kìlómítà lọ. Ẹni tó ní mọ́tò tó dára lè rìn ín tán lọ́jọ́ kan, bí àwọn tó wà lẹ́nubodè bá gbà fún un. A gba Ìkòròdú, a gba Ìkẹjà, a gba Ọ̀tà dé Ìdí Ìrókò, tí ó jẹ́ ẹnubodè tí èrò ń gbà jù nígbà náà, kí ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ tó gbilẹ̀. Ní òdìkejì, ní Ìgólò, Yorùbá náà ni wọ́n ń sọ; bí kì í bá ṣe aṣọ ọlọ́pàá, o ò ní mọ̀ pé o ti kúrò nílé. Kérékou, olórí ìjọba ibẹ̀, ti kéde lọ́jọ́ 30 Oṣù Kọkànlá ọdún yẹn gan-an pé Dahomey ti di Benin, ṣùgbọ́n wọn kò tíì tún àwọn pátákó kùn. A kọjá Àjàṣẹ́, a sùn ní Kútọnu.

Lọ́jọ́ kejì a kọjá Ouidah, ìlú tí wọ́n ti kó ọ̀pọ̀ ẹrú sọ́kọ̀ lọ sí Brazil. Ẹnubodè ìrántí ńlá tó wà létí òkun ibẹ̀ lónìí kò tíì sí. Ó di àárín ọdún 1990 sí 1999 kí wọ́n tó kọ́ ọ. Ní agbègbè Grand-Popo ni òkun ti yọ sí wa lápá òsì. Táyà ẹ̀yìn jò mọ́ wa lọ́wọ́ kí a tó dé Aného, Gáná sì lẹ̀ ẹ́ lábẹ́ igi. Lẹ́yìn ìyẹn ni a rí afárá irin gígùn kan ní Kpémé tó wọ inú òkun lọ, èyí tí wọ́n ń gbà kó fọ́sífeètì sínú ọkọ̀. Omi tó wà nítòsí ibẹ̀ ti pàwọ̀ dà, ó ti ṣókùnkùn. Nígbà tí a fi máa wọ Lomé, ìdí wa ti kú, ẹ̀yìn ń ro wá, apá mi sì ń gbọ̀n lórí ọwọ́ alùpùpù bí ẹni pé ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́.

Etí òkun gan-an ni Lomé jókòó sí. O kúrò nínú ọjà ńlá wọn, níbi tí àwọn ìyá aláǹkárá tí wọ́n ń pè ní Nana Benz ti ń tà, o rìn díẹ̀ síwájú, ẹsẹ̀ rẹ ti bọ́ sínú iyanrìn. Igi àgbọn tò lọ rẹrẹẹrẹ. Nínú omi, àwọn òpó tó ṣẹ́kù lára èbúté tí àwọn Jámánì kọ́ ní 1904 ṣì dúró. Ibẹ̀ ni Gáná ti ní kí n dúró. Mo pa ẹ́ńjìnnì, ìró òkun sì gba gbogbo etí mi kan.

Ó yẹ kí n sọ ọ́, etí òkun kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ibi ìsinmi lójú ẹni tó mọ Èkó lákòókò náà. Bar Beach ni a mọ̀, Bar Beach sì ni wọ́n ti ń so adigunjalè mọ́ òpó tí wọ́n ń yìnbọn pa wọ́n lójú èrò. Nígbà tí wọ́n pa Oyènúsì ní Oṣù Kẹsàn-án 1971, àwọn èèyàn gbé ọmọ lé èjìká kó lè ríran. Bí o bá sì gbójú sókè wo ojú omi ní 1975, ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì ni: ìjọba ti ra sìmẹ́ǹtì kọjá ohun tí èbúté Àpápá lè gbà, ọkọ̀ tó tó irinwó sì ń dúró de ibi tí wọn yóò gúnlẹ̀ sí. Ní Lomé, ojú omi mọ́. Ọkọ̀ kan tàbí méjì, lẹ́yìn náà ó di òfìfo títí dé ibi tí ojú kò lè dé mọ́.

Àwa ọmọ Àgbówà, ọmọ ọ̀sà ni wá. Omi tó dákẹ́ la mọ̀. A mọ ibi tí ẹsẹ̀ lè tó ilẹ̀, a mọ ibi tí ọ̀bọ̀kún ń sá sí. Mo ti ń lúwẹ̀ẹ́ kí n tó mọ ABD. A ti ń bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ nígbà tí apẹja kan pè wá, ó na ọwọ́ sí ibi tí ìgbì ti ń fọ́, ó sì fi ọwọ́ kan náà ṣàpèjúwe ilẹ̀ tó já wálẹ̀ lójijì. Òkun ibẹ̀ jinlẹ̀ nítòsí èbúté, ìgbì rẹ̀ sì ń fa ènìyàn padà wọlé. Ibi tí omi ti ń dé orúnkún ni a ti wẹ̀, a jókòó sínú ìfófòó bí ọmọdé.

Àwọn apẹja ibẹ̀ ni mo fi ọjọ́ kejì wa ní Lomé wò. Àwọ̀n wọn gùn ju èyíkéyìí tí mo rí ní ọ̀sà lọ. Ọkọ̀ kan á ti gbé e wọnú òkun ní kùtùkùtù, á yí po lọ́hùn-ún, á sì mú ìdí okùn kejì padà wá sí èbúté ní ibi tó jìnnà sí ti àkọ́kọ́. Ẹgbẹ́ méjì á wá máa fà á, tọkùnrin tobìnrin, pẹ̀lú agogo àti orin, wọ́n á máa sún mọ́ ara wọn díẹ̀díẹ̀ bí àwọ̀n ti ń wọlé. A bá wọn fà á. Okùn náà bó mi lọ́wọ́. Nígbà tí ìdí àwọ̀n yọ, ẹja kéékèèké funfun ń tàn yanranyanran nínú rẹ̀, àwọn obìnrin alábọ́ sì yí i ká. Wọ́n bu tiwa fún wa nínú igbá láìjẹ́ pé a tọrọ, nítorí pé ẹni tó bá fa okùn ti ní ìpín.

Gáná ní tirẹ̀ kò fọkàn balẹ̀ nípa alùpùpù. Ó tẹ́ àpò sìmẹ́ǹtì òfìfo sábẹ́ igi àgbọn, ó tú ṣéènì, ó rẹ ẹ́ sínú kẹrosíìnì nínú agolo mílíìkì, ó sì ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àlòkù fọ̀ ọ́ ní oríkèé kọ̀ọ̀kan. Ó gbé ṣéènì náà sétí, ó yí i, bó bá gbọ́ iyanrìn nínú rẹ̀, á tún dá a padà sínú agolo. Ó ní iyọ̀ òkun kì í bá irin ṣọ̀rẹ́. Mo rò pé iṣẹ́ ló ń ṣe. Mi ò mọ̀ pé ó ń wá ohun tí ọwọ́ rẹ̀ yóò máa ṣe ni.

Ọ̀dọ̀ ìyá kan tó ń ta ẹ̀kọ àti ẹja díndín nítòsí ẹnubodè ni a ti jẹun. A ń sọ̀rọ̀ láàárín ara wa nígbà tó dá sí i ní Yorùbá.

"Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ará ibo ni yín?"

A dọ̀bálẹ̀ lórí iyanrìn níbẹ̀. Ó ní ọmọ Ṣakí ni òun. Ó wá wo Gáná títí.

"Ìwọ yìí, o ti gbé Gáná rí. Ohùn rẹ ń sọ ọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Àkrà ni wọ́n bí mi sí."

"Ìgbà wo lẹ jáde?"

"Ìgbà tí gbogbo wa jáde náà ni, Màmá."

Ìyá náà mi orí. Ó ní òun pẹ̀lú jáde nígbà yẹn, òun kò kàn lọ ju ibi tí òun jókòó sí yìí lọ ni. Owó ọkọ̀ ti tán, ọmọ òun kan sì ń ṣàìsàn. Kí ara ọmọ tó yá, àwọn oníbàárà ti mọ ẹ̀kọ òun. Ó fi ẹja kún ti Gáná, kò sì gba owó lọ́wọ́ wa. Gáná kò jẹ ẹja náà tán.

Ẹ̀yin tí ẹ kéré lè má tíì gbọ́ ìtàn yìí. Yorùbá ti wà ní Gáná láti ayé àwọn bàbá bàbá wa: ọmọ Ọ̀fà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ Ìlọrin, ọmọ Ṣakí, ọmọ Ìgbẹ́tì. Láti Àkrà dé Kùmásì dé Tamale, kò sí ọjà ńlá tí ìsọ̀ wọn kò sí. Lọ́jọ́ 18 Oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì, fún ẹni tó ti kọ́lé, fún ẹni tí ọjà rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà ní àwìn, fún aláboyún. Ilé tí wọ́n sì ń lé wọn bọ̀ wá yìí, ogun abẹ́lé ṣì ń jà nínú rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ tí a jẹ ẹ̀kọ ìyá náà, níbi tí a tẹ́ ẹní sí, Gáná sọ fún mi pé nǹkan bí ibẹ̀ ni òun àti àwọn òbí òun sùn sí nígbà tí wọ́n lé wọn. Wọ́n ti gba Aflao kọjá, wọ́n ń dúró de ọkọ̀ tí yóò gbé wọn dé ilé. Èrò kún iyanrìn náà bámú. Ní alaalẹ́, bàbá rẹ̀ á ka ẹrù, á ka ọmọ, á tún ẹrù kà. Owó ọkọ̀ ń gòkè lójoojúmọ́. Ìyá rẹ̀ ní maṣíìnì ìránṣọ Singer ọlọ́wọ́ kan tí bàbá rà fún un nígbà tó bí Gáná, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé e láti Àkrà títí dé ibẹ̀.

Ó ní lóru ọjọ́ kan òun rí bàbá òun tó dìde, tó gbé maṣíìnì náà, tó ń rìn lọ sápá ibi tí iná àtùpà wà. Òun tẹ̀ lé e lókèèrè. Ọkùnrin kan fẹ́ rà á, ó sì fẹ́ rí i pé ó ń ṣiṣẹ́. Kò sí aṣọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Bàbá bọ́ fìlà orí ara rẹ̀, ó fi etí rẹ̀ sábẹ́ abẹ́rẹ́, ó fọwọ́ yí i, ó rán ìlà kan. Ọkùnrin náà yẹ ojú ìrán wò nítòsí àtùpà, ó san owó, bàbá sì dá fìlà padà sórí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, bàbá yìí kan náà ló kọ́kọ́ pariwo olè.

"Tíṣà, mi ò sọ ọ́ rí," Gáná wí. "Bàbá kú, mi ò sọ ọ́. Màámi ṣì gbà pé olè ló gbé e."

Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ, mi ò sì sọ nǹkan kan. A ti jọ ń jẹ, a jọ ń mu fún ọdún bíi mélòó kan ní Àgbówà; kò sí ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ tó ju pé ó ta abọ́ tánganran lọ tí mo gbọ́ rí lẹ́nu rẹ̀. Ká ní a gbé mọ́tò, ká gba ọjọ́ kan ṣoṣo wọ Àkrà, bóyá títí dòní ǹ bá má mọ̀.

Ní ti Àkrà, a débẹ̀. Láti 4 Oṣù Kẹjọ 1974 ni orílẹ̀-èdè Gáná ti fi apá òsì sílẹ̀ fún apá ọ̀tún lójú títì, ọ̀rẹ́ mi tó sì mọ ìlú náà dénú kò mọ ibi tí mọ́tò yóò gbà yọ sí i mọ́. Àwọn tó wà nínú ilé tí wọ́n bí i sí gbà wá tọ̀yàyàtọ̀yàyà, wọ́n fún wa ní kẹ́ńkè àti ẹja. Ó bá wọn sọ Gã, ó wo yàrá kan, ó ní ó tó. Nígbà tí a ń padà bọ̀, a tún sùn sí Lomé, ọ̀dọ̀ ìyá ẹlẹ́kọ náà la sì tún ti jẹun. Lọ́tẹ̀ yìí, Gáná jẹ tirẹ̀ tán.

Òwú àti bọ́tìnnì ni ìyá rẹ̀ ń tà ní ọjà Àgbówà. Ilé ni a ti bá a, lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà, èmi náà wà níbẹ̀ nítorí pé Gáná bẹ̀ mí kí n tẹ̀ lé òun. Ó kúnlẹ̀, ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Màmá kò dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ ni? Olè wo ni yóò gbé maṣíìnì tí yóò fi àpótí aṣọ sílẹ̀? Òwú pupa ni mo fi sínú rẹ̀ kẹ́yìn ní Àkrà. Mo jí láàárọ̀, mo rí òwú pupa létí fìlà bàbá rẹ."

"Kí ló dé tí ẹ ò fi bi wọ́n, Màámi?"

"Ọkùnrin tó pàdánù iṣẹ́ gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kí n wá bi í ní kí ni?"

Ó ní kí a dìde, kí a lọ bu omi mu.

Ọ̀rọ̀ náà ìbá parí síbẹ̀ bí kì í bá ṣe ti ọdún 1983. Lọ́jọ́ 17 Oṣù Kìíní, ìjọba Shagari gbẹnu Alhaji Ali Baba, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, kéde pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé jáde. Ọ̀sẹ̀ méjì náà ni wọ́n fún wọn. Àwọn ará Gáná ló pọ̀ jù, nǹkan bí mílíọ̀nù kan. Rawlings, olórí ìjọba Gáná, ti ti ẹnubodè orílẹ̀-èdè rẹ̀ pa láti ọdún tó ṣáájú. Togo àti Benin tí wọn kò fẹ́ kí èrò há sọ́dọ̀ àwọn náà ti tiwọn, gbogbo èèyàn wọ̀nyẹn sì há sí Sẹ̀mẹ̀ àti Kútọnu títí ìjọba Gáná fi ṣí ilẹ̀kùn lọ́jọ́ 29. Láti ìgbà náà ni a ti ń pe àpò onílà pupa àti búlúù yẹn ní Ghana Must Go, ọmọdé sì ń pè é bẹ́ẹ̀ títí dòní láìmọ ohun tó ń sọ. Mo gbọ́ tí àwọn àgbà ń sọ lọ́jà pé ẹ̀san ti ké. Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí. Àwa tí a mọ bí iyanrìn Lomé ti rí lóru kò yẹ kó jẹ́ àwa ni yóò rán ọmọ ẹlòmíràn lọ síbẹ̀.

Ọmọ orílẹ̀-èdè Gáná kan ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan nítòsí wa, tòun tìyàwó àti ọmọ. Màmá ti ń darúgbó nígbà náà. Ó ní kí n mú òun lọ sílé wọn. Ó gbé gàrí fún wọn, àti kẹ́ẹ̀gì omi méjì, ó sì jókòó ti ìyàwó ilé náà. Ó ní: "Bí ẹ bá dé Lomé, ẹ má sùn sápá omi, ẹ sùn sápá ibi tí àgbọn wà. Ẹ kó ẹrù sáàárín, ẹ̀yin òbí ẹ sùn yí i ká. Ohunkóhun tí ẹ bá máa tà, ẹ tà á lọ́sàn-án, ẹ má tà á lóru, ẹ sì sọ fún ara yín." Mo ń túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì fún wọn, obìnrin náà sì ń sunkún. Honda 175 yẹn ni Gáná fi kó ẹrù wọn dé gáréèjì Ìkòròdú, ó ń lọ, ó ń bọ̀, títí ó fi tán.

Lẹ́tà wọn dé láti Cape Coast kí òjò ọdún náà tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Wọ́n pẹ́ ní Kútọnu, ebi pa wọ́n níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n dé. Ìsọ̀ Màmá ni mo ti kà á fún un. Nígbà tí mo kà á tán, ó ní kí n padà sí ibi tí wọ́n ti dárúkọ àwọn ọmọ, kí n pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ń pè é, òun ń ka ìka rẹ̀. Wọ́n pé.